Ìgbà wo ni kóòṣì yunifásítì Amẹ́ríkà lè kàn sí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù?

Ní Division I, ìpele tó ga jù lọ nínú NCAA (àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà), ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí ọmọ bá parí kíláàsì kẹwàá, ni kóòṣì tó lè pè é tàbí kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ lè tètè kọ̀wé sí kóòṣì, ẹ má jẹ́ kó káwọ́ gbera. Kó fi fídíò kúkúrú ránṣẹ́, kó fi àmì yí ara rẹ̀ ká nínú fídíò náà kí wọ́n lè dá a mọ̀, kí eré rẹ̀ tó dára jù sì ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé ṣeré o: kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ní sẹ́kọ́ńdírì àti GPA (ìpíndọ́gba máàkì lórí ìwọ̀n 4.0) 2.3 ni Division I ń béèrè, ó kéré tán. Division III, ìpele kẹta NCAA, kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù nítorí bọ́ọ̀lù rárá, àmọ́ owó ìrànwọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ìwé rẹ̀ dáa.