Ẹ má tíì yá owó láti fi san gbèsè báńkì tó gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì yín

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní báńkì ti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì yín nítorí owó ṣáàjì tí ẹ ò san, pé ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí owó oṣù yín wọlé, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ láti san gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè ṣí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yá owó kankan. Owó oṣù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ibòmíràn fún. Èyí tí mi ò ṣe nígbà tèmi nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Àkáǹtì méjì ni mo ní ní báńkì kan náà. Ọ̀kan ni owó oṣù mi ń wọ̀. Èkejì ti pẹ́, ibi iṣẹ́ kan tí mo ti fi sílẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo ṣí i, ìwọ̀nba owó díẹ̀ ló sì kù nínú rẹ̀ tí mo fi gbàgbé rẹ̀. Báńkì ò gbàgbé. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìtọ́jú àkáǹtì títí owó ibẹ̀ fi tán. Nígbà tó tán, wọn ò dúró, wọ́n ń yọ ọ́ lọ, ni àkáǹtì bá wọ gbèsè. Wọ́n wá bu owó ìtanràn lé e pé ó wọ gbèsè láìgba àṣẹ, wọ́n sì ń ka èlé lé àpapọ̀ rẹ̀ lórí. Oṣù 14 ló fi lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi, ilé tí mo ti kó kúrò ni wọ́n ń kó o lọ. Ọjọ́ tí mo fẹ́ ra oògùn fún ọmọ mi tí káàdì kọ̀ ni mo tó mọ̀ pé àkáǹtì méjèèjì ni wọ́n ti tì pa.

Mo sáré lọ sí báńkì. Wọ́n fẹnu sọ iye kan fún mi, wọ́n ní bí mo bá san án, wọ́n á ṣí i. Mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo san án, wọ́n sì ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mo rò pé ó tán. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbèsè mìíràn yọ. Èlé kan wà tí wọn ò tíì kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sanwó. Yàtọ̀ síyẹn, owó ilé àti àwọn owó mìíràn tí mo ti ní kí wọ́n máa yọ fúnra wọn lóṣooṣù ò rí ọ̀nà jáde nígbà tí àkáǹtì wà ní títì, wọ́n sì bu ìtanràn lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó kọ̀. Ni wọ́n bá tún tì í. Owó oṣù mi wọlé síbẹ̀, wọ́n sì yọ gbèsè wọn kúrò nínú rẹ̀ kí n tó fojú kàn án. Nígbà tí mo fẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n fi ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí hàn mí: wọ́n lè mú owó inú àkáǹtì kan láti fi dí gbèsè òmíràn. Òótọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin gbà wọ́n láyè láti ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ibì kan wà tí òfin ti dáàbò bo apá kan owó oṣù.

Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì ní báńkì mìíràn lónìí. Kó má ṣe jẹ́ ọmọ ìyá báńkì yẹn o, torí iléeṣẹ́ kan lè ni báńkì méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀. Kí ẹ wá kàn sí àwọn tó ń sanwó oṣù níbi iṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá ní ó ti pẹ́ jù fún oṣù yìí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a dúró, tàbí kí wọ́n kọ ṣéèkì fún yín. Ẹ wá sọ fún àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ yín lóṣooṣù pé ibẹ̀ ti dí, kí ìtanràn má baà máa bí ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ báńkì pé irú títì wo ni wọ́n ti àkáǹtì yín. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ, tàbí tó jẹ́ pé ìwé ìdánimọ̀ yín ni wọ́n ń wá, ẹ lè san gbogbo ṣáàjì kí ó má sì ṣí. Ẹ má gba ìdáhùn ẹnu. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Nígbà kejì, mo ní kí wọ́n fún mi ní sítétímẹ́ǹtì láti ọjọ́ tí àkáǹtì ti wọ gbèsè, àti ìwé tó sọ iye tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Mo jókòó ti àwọn ìwé náà lóru pẹ̀lú rúlà àti bírò, mo ń fà wọ́n yẹ̀ wò ní ẹyọ ẹyọ. Mo rí oṣù mẹ́ta tí wọ́n yọ owó ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ìtanràn ìkẹyìn jẹ́ torí owó tí àwọn fúnra wọn dí lọ́nà. Ojú mi là. Èmi tí mo ti ń tijú bí ẹni tó jalè!

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn ojú ewé kan ṣoṣo. Mo to ọjọ́ àti iye owó tí mi ò gbà pé mo jẹ sínú rẹ̀, mo sọ èyí tí mo gbà pé mo jẹ, mo san ìyẹn lọ́jọ́ náà, mo sì kọ ọ́ pé sísan tí mo san án kò túmọ̀ sí pé mo gba ìyókù. Mo ní kí wọ́n dá èlé dúró títí wọ́n á fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní káńtà ló fi ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn hàn mí, ó sì rí i dájú pé mo gba nọ́ńbà ẹ̀sùn mi. Ẹ má jágbe mọ́ àwọn ọmọ yẹn, ọwọ́ wọn kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Báńkì kọ́kọ́ kọ̀. Mo mú ìwé tí wọ́n fi kọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà báńkì. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bèèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí báńkì, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ẹ̀sùn fi ṣe kókó. Kí àjọ tó dá ẹjọ́ rárá ni báńkì ti dá ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà padà.

Bí ẹ bá wá yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ rí i pé ẹ jẹ ẹ́ lóòótọ́, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ àìsàn tàbí pípàdánù iṣẹ́ ló fà á, ẹ sọ ọ́ fún wọn, kó sì wà nínú ìwé. Kìkì iye tí agbára yín ká ni kí ẹ ṣèlérí.

Ní ìparí, mo ní kí wọ́n pa àkáǹtì àtijọ́ yẹn rẹ́, mo sì gba lẹ́tà pé mi ò jẹ wọ́n ní ohunkóhun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn onígbèsè. Lẹ́tà yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò.