Ṣé ẹ̀tọ́ ni ẹran narwhal, àbùùbùtán tí eyín rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Áfáà wa. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Kánádà dé ìlú àwọn Inuit lápá àríwá. Wọ́n gbé awọ narwhal tútù fún un, kò jẹ ẹ́. Ó ní ẹran náà ń fọ́mọ lọ́mú, ó ní ọ̀gàn, kò sì sẹ́ni tó dúńbú rẹ̀. Ṣé ó lè jẹ ẹ́? (Ìyá kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam, ìyá wa. Ó lè jẹ ẹ́.

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Narwhal kì í ṣe ẹja bí èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ìgbókọ̀dá. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí. Àárín yìnyín ló ti ń yọrí gbaféfẹ́ kó tó rì padà, nígbà mìíràn kọjá 1,500 mítà. Oyún rẹ̀ ń tó oṣù 14, ọmọ rẹ̀ sì ń mumú ju ọdún kan lọ. Àmọ́ ibi tí ẹran ń gbé ni òfin wò, kò wo bó ṣe ń mí. Ọlọ́hun sọ nínú Suuratul-Máídà, áyà 96, pé ohun ọdẹ inú òkun jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa. Ànábì (ṣ.a.w.) náà ní omi òkun mọ́, òkú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Nítorí náà kò bèèrè ọ̀bẹ lọ́rùn, bí ẹni tó pa á kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Ohun tí mọ́sáàbù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Málíìkì tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa dì mú nìyẹn.

Ẹ rántí ìkọ̀ Abú Ubaydah, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, bí 300 ọkùnrin, tí ebi pa títí wọ́n fi ń jẹ ewé igi. Wọ́n bá ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ánbàrì létí òkun, wọ́n jẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n gbé egungun ìhà rẹ̀ nàró, ràkúnmí gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ànábì fúnra rẹ̀ jẹ nínú ẹran náà. Àbùùbùtán tí àwọn baba wa sọ ọ́ yẹn bá a mu gan-an.

Ní ti ọ̀gàn, ẹranko orí ilẹ̀ tó ń fi í pa ẹran jẹ ni hàdíìsì tó kọ ẹran ọlọ́gàn ń bá wí. Ti narwhal, eyín òkè lápá òsì ni; ó lu ètè jáde, ó ń lọ́ bí okùn, ó sì lè gùn tó mítà 3. Akọ ló sábà máa ń ní in. Láyé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù ń tà á bí ìwo tó ń pa oró májèlé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ ọ́ fún ìṣọ́ra, kó má gbà á o, ẹbọ ni. Bó bá sì fẹ́ gbé e wálé lásán, kó kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ ìjọba.

Awọ náà, pẹ̀lú ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ní fítámì C, òun ló fún àwọn ará ibẹ̀ ní fítámì náà láyé àtijọ́ tí kò sí ọsàn. Tuntun ni kó jẹ. Èyí tí wọ́n dé mọ́nú ike níbi tó móoru lè ní májèlé tí kì í rùn. Kó bèèrè bóyá wọ́n fi ọ̀bẹ náà gé ẹlẹ́dẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá gbé ẹran béárì funfun wá, kó yàgò fún un: orí yìnyín ló ń rìn, ọ̀gàn ló fi ń pa ẹran jẹ. Kó sì ṣe Bismillah kó tó fi kan ẹnu.