Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé antivirus nìkan tó fún ọ́fíìsì wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ la ní, gbogbo wọn ló so mọ́ra. Hard disk kan wà tí à ń da àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ sí, ara kọ̀ǹpútà mánígà ló máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí mo ní ká wá owó sí ààbò, alága ní, “Ta ló mọ̀ wá tí yóò wá kọlù wá?” Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe ní antivirus olówó ńlá, ètò tó ń dínà fáírọ́ọ̀sì, ni ká rà. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, akọ̀wé. Ẹ bá mi kí alága, kí ẹ sì bá mi sọ fún wọn pé ẹni tó dáná sun igbó kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó ni oko ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Àwọn kan yọ́ wọ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe M.E.Doc, ètò ìṣirò owó orí tí àwọn oníṣòwò Ukraine ń lò. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n gba ibẹ̀ tú fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní NotPetya síta. Nígbà tó di 2018, ìjọba Bìrìtéènì àti ti Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ológun Rọ́ṣíà ni. Ukraine ni wọ́n ń bá jà. Ṣùgbọ́n Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba kọ̀ǹtéénà rí ní Apápá mọ̀, ní ọ́fíìsì ní Odessa, M.E.Doc sì wà lórí kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀. Ẹyọ kan yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà 45,000 àti server 4,000 (kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn yòókù ń gbára lé) ni wọ́n ní láti tún to láti ìbẹ̀rẹ̀, òfò wọn sì wà láàárín mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là.

Ọ̀nà méjì ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà rìn. Ó ń gba ihò kan nínú Windows, tí Microsoft ti fi update dí láti oṣù kẹta ọdún 2017. Ó sì tún ń ṣa páswọ́ọ̀dù tó bá bá nínú kọ̀ǹpútà kan, á fi ṣí èkejì, títí kan èyí tó ti gba update. Ó ń ti fáìlì pa, ó sì ní kí èèyàn san 300 dọ́là kí fáìlì rẹ̀ lè padà, irọ́ ni: kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan níbì kan. Ẹni tó sanwó kàn ju owó sódò ni.

Ibi tó kan yín gan-an nìyí. Maersk ní nǹkan bíi 150 server tó ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́ àti àṣẹ ohun tí oníkálukú lè ṣí, tí wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀dà ara wọn. Èrò wọn ni pé bí ọ̀kan bá kú, ìyókù á gbà á sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó pé gbogbo wọn lè jọ lọ. Wọ́n lọ. Ẹyọ kan ló kù, ní Gánà, nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ kí fáírọ́ọ̀sì tó débẹ̀. (Láyé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ pé ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníná.) Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò yá tó láti fi ẹrù ńlá bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, àwọn òṣìṣẹ́ Gánà kò sì ní físà ibẹ̀. Ni ẹnì kan bá gbé disk náà wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀, onítọ̀hún ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù.

Hard disk yín tí kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà mánígà kò yàtọ̀ sí àwọn server tó kú yẹn. Ohun tó bá wọ kọ̀ǹpútà á wọ̀ ọ́. Ohun tí Gánà fi orí ire rí, ẹ̀yin ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ ra disk méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ da àkọsílẹ̀ kọ sórí ọ̀kan, ẹ yọ ọ́, kí akápò gbé e lọ sílé, kó sì mú èkejì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi páswọ́ọ̀dù tì í, owó àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀. Google Drive kò lè rọ́pò rẹ̀ o: bí fáìlì orí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, èyí tó bàjẹ́ náà ló máa gbé sókè.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ṣí disk náà lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì, kí ẹ wá ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kan jáde níbẹ̀. Mo ti dé ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà fún ọdún méjì gbáko. Ọjọ́ tí wàhálà dé, a ṣí disk, shortcut lásán, àmì tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì wà, ló kún inú ẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè pàápàá ń tọ́jú ẹ̀dà síbòmíì. Ní 2007, lẹ́yìn tí Ẹstóníà ní Yúróòpù ṣí ère jagunjagun Soviet kan nípò ní Tallinn, olú-ìlú wọn, àwọn kan fi àbẹ̀wò ayédèrú bo ìkànnì ìjọba, báńkì àti ilé ìròyìn wọn mọ́lẹ̀ títí wọn kò fi ṣeé ṣí. Ní 2017 Ẹstóníà bá Luxembourg ṣàdéhùn láti tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìjọba wọn síbẹ̀, lábẹ́ ààbò bíi ti ilé aṣojú ìjọba. Bí ilé bá jó, ìwé ilé ò jó.

Ti antivirus, èyí tó bá Windows 10 tàbí 11 wá tó yín. Bí ẹ bá ṣì ní Windows 7, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ, nítorí Microsoft kò tọ́jú rẹ̀ mọ́ láti 2020. Windows 10 náà ti kọjá àkókò rẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2025, ẹ múra láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi páswọ́ọ̀dù kan náà ṣí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé pé nọ́ńbà àkáǹtì òun ti yí padà, ẹ pè é lórí fóònù tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, tó lè kó wọn sí ewu, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà létí. Disk tó sọnù nínú ọkọ̀ akápò náà lè wọ inú rẹ̀, ìdí tí mo fi ní kí ẹ tì í nìyẹn.

Ẹ yọ ti ara kọ̀ǹpútà mánígà yẹn lónìí, kí ẹ tó ti ọ́fíìsì.