Ṣé 4K Tòótọ́ Ni?

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, wọ́n ń ta Attack of the Clones, fíìmù Amẹ́ríkà ti ọdún 2002, ní 4K, ìyẹn àwòrán tó ní nǹkan bí ìlà 2160 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé àwòrán rẹ̀ mọ́ sí i lóòótọ́?

Ìdáhùn: Díẹ̀ ni. Kámẹ́rà dìjítà tí àwòrán rẹ̀ kò ju ìlà 1080 lọ ni wọ́n fi yà á, kò sì sí róòlù fíìmù tí a lè padà sí. Nítorí náà, nínú píksẹ́lì (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) mẹ́rin tí ẹ ń wò, kọ̀ǹpútà ló fojú bu bíi mẹ́ta. Àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo lè náwó lé lórí. Ti fíìmù O Brother, Where Art Thou? (2000) yàtọ̀, nítorí pé orí róòlù ni wọ́n yà á sí kí wọ́n tó parí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní 2K (tí ìlà rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti 4K): a lè tún róòlù náà gbà sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ àwọ̀ rẹ̀ yóò di àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.