Ẹ má da ẹyin yẹn nù, ẹ má sì rọ omi sínú ẹ̀rọ náà

Màmá Ìbejì, ẹ kú òjò o. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní íńkúbétọ̀ ẹlẹ́yin 56 (ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin adìẹ) tẹ́ ẹ gbé sí yàrá ẹ̀yìn ní Òdògbólú ti pé ọjọ́ 15 lórí iṣẹ́, pé iná lọ láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, pé ẹ̀rọ náà ti tutù kẹ́ ẹ tó jí. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ kó ẹyin náà dànù, àti bóyá kẹ́ ẹ rọ omi kún inú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe kí ẹyin má baà gbẹ.

Ẹ má da nǹkan kan nù. Ẹyin ọjọ́ 15 kì í ṣe ẹyin ọjọ́ kẹta. Ọmọ inú rẹ̀ ti tóbi, òun fúnra rẹ̀ ti ń mú ooru jáde, bí wọ́n bá sì pọ̀ nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, wọ́n á máa fi ooru náà gbé ara wọn. Òtútù alẹ́ kan lè fà wọ́n sẹ́yìn, ó lè mú díẹ̀ lọ nínú wọn, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kó pa gbogbo wọn. Ooru àpọ̀jù ló ń yára pa wọ́n: bí inú ẹ̀rọ bá lé ní 40°C fún wákàtí mélòó kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ tan ẹ̀rọ yín padà, ẹ fún un ní ọjọ́ kan gbáko, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ wọ́n wò nínú òkùnkùn. Èyí tó wà láàyè á ṣú dùdù, ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa lẹ́bàá ìdí ẹyin, tẹ́ ẹ bá sì ṣe sùúrù ẹ ó rí i kó mira. Èyí tó bá ń rùn, ẹ tètè yọ ọ́, torí tó bá bẹ́ sórí àwọn yòókù, ìdọ̀tí rẹ̀ á kó bá gbogbo wọn.

Ní ti omi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rọ sí i, inú mi ru nígbà tí mo kà á, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún èmi ní Òdè-Rẹ́mọ níbí. Oṣù Kẹfà ni, òjò ò dáwọ́ dúró, aṣọ tá a sá kì í gbẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa adìẹ dáadáa wá sílé, ó wo ẹ̀rọ, ó ní kí n máa bu omi kún kòtò méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, pé bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ la ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ 18, gbogbo wọn ń mira nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ 20, mo dẹtí sí ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ ohùn wọn nínú èèpo. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 21 mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló jáde, ara wọn ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, wọn ò lè gbé ọrùn dúró. Ìyókù dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ohùn òròmọdìẹ nínú ẹyin lálẹ́, kó wá débẹ̀ láàárọ̀ kó má gbọ́ nǹkan kan mọ́, ohun tí mò ń wí ò lè yé e.

Mo kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé, mo là wọ́n sínú abọ́. Ọmọ ti pé. Ìyẹ́ ti hù, èékánná ti le, orí wà lábẹ́ apá ọ̀tún níbi tó yẹ kó wà. Àmọ́ bí mo ṣe ń ṣí èèpo ni omi ń ṣàn sí mi lọ́wọ́, ó ń fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹyin, tó yẹ kó ti gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyin nígbà yẹn, kò ju ibi tí orí àtàǹpàkò mi bò lọ. Ibẹ̀ lọmọ máa ń gún àgógó rẹ̀ sí kó lè fa èémí àkọ́kọ́, kó tó kọjú sí èèpo. Wọ́n gún un, wọn ò rí afẹ́fẹ́ tó tó, omi ló wọ̀ wọ́n nímú. Inú ẹyin ni wọ́n rì sí.

Mo gbé díẹ̀ nínú wọn lọ bá òṣìṣẹ́ náà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní àkùkọ mi ni kò dáa, pé ẹyin náà ò lọ́mọ nínú. Ẹyin tí àkùkọ ò gùn, ṣé ó máa ń hu ìyẹ́ ni? Mo bi í bẹ́ẹ̀, ó ní kí n lọ ra ẹyin lóko ńlá. Inú mi ò tíì yọ́ sí i títí dòní, torí ẹlòmíràn ṣì ń lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ fúnni ni pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ìwé ń wí, kì í ṣe iye omi tó wà nínú kòtò. 45 sí 55% ni láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 18, 65 sí 75% ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti to ẹyin ni omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba èèpo jáde díẹ̀díẹ̀, kó fi bí 12 tàbí 13% fúyẹ́ kó tó di ọjọ́ 18. Ẹyin tó wọn gíráàmù 50 lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tò ó yẹ kó ti di bíi 44. Ibi tí omi yẹn ti kúrò ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ní ìgbà òjò, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wa níbí, afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò ẹ̀rọ wọlé ti ru omi tirẹ̀ dání. Ọjọ́ wà tí tèmi máa ń ka 50% láìsí ẹ̀kán omi kan nínú kòtò. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, tí ètè ń là, ẹ bu omi sí i dáadáa nígbà náà, kẹ́ ẹ tún ki fóòmù tútù bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fún yín ní òfin omi kan ṣoṣo fún òjò àti ọyẹ́, ìwé ló kà, kò tọ́jú ẹyin.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń yẹ ẹyin wò, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí àyè afẹ́fẹ́ parí sí lára èèpo. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 17. Bí àyè náà bá kéré tí kò sì kúrò lójú ìlà, ẹ da gbogbo omi inú kòtò nù títí di ọjọ́ 18. Bó bá ń fẹ̀ dáadáa, ẹ fi kòtò kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má gba ohun tí ojú ẹ̀rọ ń kà gbọ́ kẹ́ ẹ tó dán an wò. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ ta omi díẹ̀ sí i kó rin, kó má yòrò tán, ẹ gbé e pẹ̀lú ohun tó ń ka ọ̀rinrin sínú ọ̀rá kan, ẹ dì í pa, kó sùn bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, 75% ló yẹ kó máa kà. Iye tó bá fi dín tàbí tó fi lé, ẹ kọ ọ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ooru náà ńkọ́? 37.5°C ni, tí ẹ̀rọ bá ní fáànù. Èyí tí kò ní fáànù, ẹ jẹ́ kó tó bíi 38.5 níbi orí ẹyin. Ẹni tó ta tèmi fún mi ní Ṣágámù búra pé kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ó ń ka 37.5, àmọ́ tẹ̀mómítà tí wọ́n fi ń wo ibà, tí mo rà ní ilé oògùn, fi hàn pé ó ti ń lọ sí 39. Ẹ fi irú rẹ̀ yẹ tiyín wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn oníná, torí àwọn ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Wọn kì í gbàgbé láti gba owó lóṣooṣù, wọn kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni ìgbà tí wọ́n fẹ́ mú iná lọ. Lílọ rẹ̀ gan-an kọ́ ló burú jù, bó ṣe ń padà dé ni. Ó máa ń já wọlé pẹ̀lú agbára, á sì jó ohun tó ń darí ooru nínú ẹ̀rọ. Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ má tún un kì bọ̀ ọ́ àfi tí iná bá ti dúró dáadáa, ẹ sì wá sitẹbiláísà kékeré sí i. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, torí ọmọ inú ẹyin ń mí. Omi gbígbóná nínú ìgò tẹ́ ẹ fi aṣọ wé, tẹ́ ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹ̀rọ láìfara kan ẹyin, á gbà yín fún wákàtí díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín bóyá ó ní ojú ihò fún bátìrì 12V, ọ̀pọ̀ irú tiyín ló ní in. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ tàn, ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ̀fin rẹ̀ kì í rùn tó bó ṣe ń pani, òru ló sì ń mú àwọn tó ń sùn. Mo bẹ̀ yín, ẹyin ò tó ẹ̀mí àwọn ìbejì yẹn.

Yíyí ẹyin, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 18, ẹ dá omi padà, ẹ má ṣí i mọ́. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti gún èèpo títí á fi jáde lè tó wákàtí 24. Ẹ má bá a bó èèpo, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Ẹ má sì tìtorí oúnjẹ ṣí ẹ̀rọ fún èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, pupa ẹyin tó fà sínú ikùn á gbé e fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ ò sọ ibi tẹ́ ẹ ti rí ẹyin yín. Fún ẹni tó bá tún ń ka èyí: ẹyin kírétì tí wọ́n ń tà lọ́jà, inú kéèjì tí kò ní àkùkọ ló ti wá, kò lè pa ọmọ láéláé. Ẹ wá ẹni tó ní àkùkọ kan sí àgbébọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ẹyin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ má fọ̀ ọ́.

Lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ti bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ àjẹsára rẹ̀ kí ọmọ tó jáde. Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ìjọba ń ṣe. Inú yìnyín ni kẹ́ ẹ ti rà á, inú yìnyín ni kó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá mú un jáde látinú dúrọ́ọ̀, ẹ má sanwó fún un.

Nítorí òtútù alẹ́ yẹn, ẹ má pa ẹ̀rọ ní ọjọ́ 21, ẹ jẹ́ kó dé ọjọ́ 23. Èyí tí kò bá jáde, ẹ la mẹ́ta níta, ẹ wo bí àyè afẹ́fẹ́ ṣe tó, bóyá omi wà níbẹ̀ tàbí ó gbẹ, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí síbí pẹ̀lú iye tí ẹ̀rọ ń kà, mo máa dá yín lóhùn.