Ọmọ tó ń rì kì í pariwo

Ìbéèrè yín ni pé báwo ni àgbàlagbà mẹ́ta ṣe lè jókòó sétí omi, kí ọmọ máa rì níwájú wọn, kí ẹnikẹ́ni má fura. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ibi tó wà kò jìn sí mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, omi ibẹ̀ kò sì kọjá àyà mi. Mo ń wò ó. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó la ẹnu sílẹ̀, omi ń ṣàn sí i lójú, kò nù ún. Ẹnu rẹ̀ á wọ inú omi, á tún yọ. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ojú ọ̀run ló ń wò! Ìyá rẹ̀ ló pè é lórúkọ, kò dáhùn, ó kàn ń wò bọ̀ọ̀. Obìnrin náà bẹ́ sómi tòun taṣọ lára. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí mo rín yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá ka àlàyé Frank Pia, ará Amẹ́ríkà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ létí òkun. Ẹni tí kò rí èémí fà kò lè rí èyí tí yóò fi kígbe. Kò lè juwọ́, torí ńṣe ni apá méjèèjì ń tẹ omi fúnra wọn kí ẹnu lè yọ síta. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó ti wọlẹ̀. Ariwo la ń dúró dè, ariwo ọ̀hún kò sì ní wá.

Ojú wa máa ń yan ibi tó bá dákẹ́. Létí òkun, a ń sá fún ibi tí ìgbì ti ń fọ́, a ó wá wọ ibi tó tẹ́jú láàárín ìgbì méjì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni omi sábà máa ń gbà padà sínú agbami.

Àṣegbé tún ń fọ́ni lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti la àgbàrá kan náà kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo gbé ẹsẹ̀ síwájú, mi ò bá ilẹ̀: omi ti wọ́ ojú ọ̀nà lọ lábẹ́, òkè rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí tàná. Igi kan ni mo rí dì mú. Omi tó ń sáré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tó bá tó 60, ó lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, torí òun ni kì í bẹ̀rù.

Ní báyìí, tí àwọn ọmọ bá wà lómi, ẹnì kan ṣoṣo la ń yàn láti máa wò wọ́n, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Èyí tó bá dákẹ́, mo ń pè é. Bí kò bá dáhùn, mo ti dìde. Tí omi bá jìn jù mí lọ, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí mo so okùn mọ́ ni mò ń jù sí i, ó sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ọmọ kankan tó bọ́ aṣọ.