Ẹ Bi Lọ́yà: Bí mọ́tò tí kò ní dẹ́rẹ́bà bá gbá èèyàn, ta ni ọlọ́pàá máa mú?

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Dẹ́rẹ́bà ni mí, ọ̀nà Ìkòròdú sí Mile 12 ni mo ti ń ná láti ọdún mọ́kànlélógún. Ọmọ mi tó wà ní Phoenix l'Amẹ́ríkà fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò, kò sẹ́nì kankan níwájú, sítíárìn ń dá yí fúnra rẹ̀. Mo fi hàn wọ́n ní gáréèjì, àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Èmi ò jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé bí mọ́tò yẹn bá gbá èèyàn, ta ni ọlọ́pàá máa mú? Bí ẹnì kan bá sì gbé e wá sí Ìkòròdú ńkọ́?
— Bàbá Sàdíìkù, Ìkòròdú Garage

Ìdáhùn: Bàbá Sàdíìkù, ẹ ṣeun. Mo ń ka lẹ́tà yín sókè ní ọ́fíìsì wa ní Sábó, akọ̀wé mi ò jẹ́ kí n kà á tán tó fi ní, "Ṣé èyí náà ń yà yín lẹ́nu ni, Mà? Típà Ògólóńtò ńkọ́?"

Típà tó ń sọ yẹn, èmi ni mo ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ó ya wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́, ó dá a lẹ́sẹ̀. Kí eruku tó rọlẹ̀, dẹ́rẹ́bà ti bẹ́ sílẹ̀, ọmọ ọkọ̀ ti bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti tà á. Ẹni tó rà á ní òun ti gbé e fún dẹ́rẹ́bà kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò kan òun mọ́. Ìwé ìnṣọ́ránsì tí a bá nínú rẹ̀, ayédèrú ni. Ọdún méjì ààbọ̀ la fi wá ẹni tó máa dáhùn. Torí náà, mọ́tò tí kò ní dẹ́rẹ́bà kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Tiwa kàn máa ń ní dẹ́rẹ́bà títí ìjàǹbá á fi ṣẹlẹ̀ ni.

Wàhálà kan náà ló ń bá àwọn aṣòfin òkè òkun fínra. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna lọ́dún 1968 lórí ìrìnnà ojú pópó. Nàìjíríà náà wọ inú rẹ̀ lọ́dún 2018. Abala kẹjọ rẹ̀ ní ọkọ̀ yòówù tó bá ń rìn gbọ́dọ̀ ní dẹ́rẹ́bà. Ó tiẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ẹran tó ń ru ẹrù àti agbo ẹran náà ní ẹni tí á máa dà wọ́n. (Àwọn ewúrẹ́ Sábó ò tíì gbọ́.) Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀, wọ́n tún àdéhùn náà ṣe, àtúnṣe ọ̀hún sì gbéra ní July 2022: bí òfin orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ náà wà bá ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń wà á, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ní dẹ́rẹ́bà. Àmọ́ àṣẹ yẹn ò kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè tó fún un.

Ní Amẹ́ríkà tí ọmọ yín wà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Nevada ló kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 2011. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Tempe, ìlú tó fara kan Phoenix. Ní March 2018, mọ́tò tí Uber fi ń dán ẹ̀rọ yìí wò gbá obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì lálẹ́, obìnrin náà sì kú. Ẹ̀rọ ló ń wa mọ́tò, ṣùgbọ́n wọ́n fi èèyàn kan sídìí sítíárìn kó máa ṣọ́ ọ. Àwọn tó ṣèwádìí ní fóònù ló ń wò. Ta ni wọ́n mú? Agbẹjọ́rò ìjọba ní òun ò rí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí òun lè fi kan Uber. Ẹni tí wọ́n ní kó jókòó yẹn ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù. Ó gbà pé òun jẹ̀bi lọ́dún 2023, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ kóòtù fún ọdún mẹ́ta. Èmi ò ní kò jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù nìkan ni òfin rí mú, ó sì dùn mí.

Ní California, ọ̀rọ̀ di àwàdà lọ́dún 2025. Àwọn ọlọ́pàá San Bruno dá mọ́tò Waymo, ilé-iṣẹ́ tó ń fi mọ́tò tí kò ní dẹ́rẹ́bà gbé èrò, dúró torí pé ó yí padà níbi tí kò yẹ, wọ́n wo inú rẹ̀, wọn ò rí ẹnì kan. Wọn ò rí tíkẹ́ẹ̀tì kọ, torí kò sí àyè rọ́bọ́ọ̀tì nínú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ fojú inú wo LASTMA wa nírú ipò yẹn! Òfin tuntun tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí lọ́dún 2024 wá ní láti July 2026, ọlọ́pàá lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tó ń wa mọ́tò náà. Ṣáájú ìyẹn, ní October 2023, mọ́tò Cruise, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Waymo, wọ́ obìnrin kan tí ọkọ̀ mìíràn ti kọ́kọ́ gbá ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 ní San Francisco. Ìpínlẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ìyẹn ló jọ òfin lójú mi.

Òfin Jámánì ti 2021 ní kò burú kí mọ́tò máa lọ láìsí ẹnì kan nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí alábòójútó kan bá wà níbìkan tó lè dá a dúró láti ọ̀nà jíjìn. Ti Ìlú Ọba ló wù mí jù. Òfin wọn ti 2018 ní kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ́kọ́ sanwó fún ẹni tí mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀ ṣe léṣe, kó tó wá lọ máa lé ẹni tó jẹ̀bi kiri. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2024 ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ ni yóò jẹ́jọ́ ìwakọ̀ náà, kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ mi ò bá ti gba owó egungun rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Dẹ́rẹ́bà ẹlẹ́ran ara ni òfin ìrìnnà wa ní lọ́kàn: ẹni tó ní láísẹ́ẹ̀sì, tó de bẹ́líìtì, tí kò mutí, tí kò gbé fóònù sétí. Kọ̀ǹpútà ò lè gba láísẹ́ẹ̀sì. Bí mọ́tò ọmọ yín bá dé Ìkòròdú láàárọ̀ ọ̀la, ohun tí VIO máa kọ́kọ́ bi í ni "Dẹ́rẹ́bà dà?" Ẹni tó gbé e wá ló máa dáhùn. Ní ti ìnṣọ́ránsì, ẹ ṣáà rí i pé ojúlówó lẹ ní lórí dánfó yín. Bẹ́ ẹ bá mú ìwé náà wá sí Sábó, mo máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Àńtí Lọ́yà, ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀gá mi ra mọ́tò tó lè di ojú ọ̀nà mú fúnra rẹ̀. Bí a bá ti kọjá Majidun, ó máa ń ní kí n gbọ́wọ́ kúrò lórí sítíárìn káwọn ọ̀rẹ́ òun lè rí i. Ṣé kò séwu?
— Tọ́pẹ́, Agric

Ìdáhùn: Tọ́pẹ́, ewu wà, orí ẹ sì ni. Mọ́tò tó ń ran dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó rọ́pò dẹ́rẹ́bà. Ní Gardena, California, mọ́tò Tesla kan tí wọ́n tan Autopilot rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ran dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, já iná pupa ní December 2019, èèyàn méjì kú. Ẹni tó wà ní ìdí sítíárìn ni wọ́n gbé lọ kóòtù. Bí ti Ìkòròdú bá ṣẹlẹ̀, ọ̀gá ẹ á ti sọ̀ kalẹ̀, á máa fi fóònù pe èèyàn, ìwọ ni wọ́n máa mú. Má gbọ́wọ́ kúrò. Fi ohun tí mo kọ yìí hàn án, bó bá sì bínú, ní èmi ni mo ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀. Kó wá bá mi.